Jẹ́nẹ́sísì La Máa Ń Padà Sí

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí mi kò tíì yọ lókè tábìlì tí Bàbá mi ń tẹ́ aṣọ sí, mo gbà lọ́kàn mi pé Bíbélì kò ní òpin. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n bí yín sí Niamey bíi tèmi, tí ẹ ń sọ Faransé nílé ìwé, Zarma lójú pópó, Haúsá lọ́jà, tí ẹ sì ń fi ìwọ̀nba Yorùbá tó kù kí bàbá yín láàárọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ó mọ̀ pé ọmọ tó ní èdè mẹ́rin lẹ́nu lè má ní ọ̀kan ṣoṣo tí yóò fi lóye ohun tí wọ́n ń kà sí i létí.

Zongo là ń gbé, kò jìnnà sí ọjà ńlá, nínú agbo ilé kan tí igi dóńgóyárò wà láàárín rẹ̀. Apá ọ̀tún jẹ́ tiwa. Apá òsì jẹ́ ti Àlùfáà Múnírù, ará Ọ̀yọ́, tí òun náà ń ta aṣọ, tí ọmọ rẹ̀ Ràmọ́tù sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà. Èmi àti Ràmọ́tù la jọ ń gbálẹ̀ agbo ilé láàárọ̀, tí ewé dóńgóyárò gbígbẹ á máa pariwo lábẹ́ ìgbálẹ̀ wa. Àwa la jọ ń dúró de ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke omi kiri, àwa náà la sì jọ ń ṣeré tẹ̀ǹ-tẹ́n títí eruku á fi bò wá dé orúnkún. Bí a bá ṣe tán, ìyá rẹ̀ á bu fúrá fún wa nínú igbá kan náà, wàrà rẹ̀ á kan díẹ̀, ọkà rẹ̀ á máa ha ahọ́n. Bí mo ṣe ń kọ èyí, itọ́ ń dà lẹ́nu mi.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Bàbá máa ń lu agogo kékeré kan, gbogbo ilé á sì jókòó sórí ẹní. Èmi ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ni mo máa ń gbé Bíbélì wá. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ni, ó dúdú, ó wúwo bí ọmọ ọwọ́, Bàbá sì fi àjákù àǹkárá wé e. Orí kan láàárọ̀, láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Bàbá kì í fò, kì í sì í mú un láti àárín. Òfin tó ń lò fún aṣọ ló ń lò fún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ọmọ aláṣọ mọ òfin náà: bí èèyàn bá ń wọn aṣọ tí ẹnìkan wá kí i lójijì, kì í tẹ̀síwájú láti ibi tó dé. Á tú u ká, á tún un wọ̀n láti orí, kí ó má bàa yan oníbàárà jẹ. Bàbá mi kì í yan ẹnikẹ́ni jẹ. Nítorí náà, nígbàkígbà tó bá rìnrìn àjò lọ kó ọjà, tàbí tó lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìwé kíkà á dúró, torí Màámi kò mọ̀wé, orin nìkan la ó máa kọ. Bàbá á dé. A ó jẹ àádùn tó mú bọ̀. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, á ní wọ́n ti pe òun lórí ìwọ̀n, ká tún un wọ̀n. Jẹ́nẹ́sísì la máa ń padà sí.

Ẹ wá rò ó wò, Bàbá mi kì í jókòó pẹ́ sílé. Mo mọ Ádámù bí ẹni mọ ará ilé. Mo mọ ìwà gbogbo ẹranko inú ọkọ̀ Nóà. Mo ti sunkún fún Jósẹ́fù inú kànga títí tí mo fi ń bínú sí òun fúnra rẹ̀ pé kí ló dé tí kì í gbọ́n. Bí a bá sáré, a ó la Òkun Pupa já, a ó wọ Léfítíkù, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀rá àti kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wọ́n sára pẹpẹ. Ibẹ̀ gan-an ni aṣọ máa ń tán ní ṣọ́ọ̀bù, tí Bàbá á sì tún lọ kó ọjà. Mi ò rántí ìgbà kan tí a kọjá ewúrẹ́ tí wọ́n gbé ẹ̀ṣẹ̀ lé lórí, tí wọ́n sì lé wọ inú aginjù. Ewúrẹ́ yẹn yé mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ kún Niamey, aginjù náà kò sì jìnnà.

Ohun tó tún da orí mi rú ni pé bí Iléyá bá dé, Àlùfáà Múnírù á pa àgbò, á pín in, á sì fi itan kan ránṣẹ́ sí wa. Mo jókòó, mo rò ó, mo sì pinnu pé àwọn ará ilé Ràmọ́tù ló ń ṣe ohun tó wà nínú Bíbélì wa, pé àwa kàn ń kà á ni. Mo bi Màámi bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Màámi wò mí títí, ó ní kí n lọ ṣa ẹ̀wà.

Ẹ ó ní, ṣé ẹ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni? À ń lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló pọ̀ jù nínú ìjọ wa. Pásítọ̀ á wàásù lédè Yorùbá, ògbufọ̀ kan á sọ ọ́ ní Faransé, òmíràn á sọ ọ́ ní Haúsá, tí gbólóhùn kékeré kan á fi gba ẹnu mẹ́ta kọjá. Kó tó yíká tán, oorun á ti gbé mi lọ. Bí Màámi bá rí mi, bí a bá délé, màá fìka lélẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí ìrẹsì á fi jinná. Mo mọ orúkọ Jésù dáadáa, mo sì mọ orin rẹ̀. Mo mọ ọmọ tí wọ́n bí ní ibùjẹ ẹran nígbà Kérésì. Mo mọ ọkùnrin tí wọ́n kàn mọ́ igi ní ọjọ́ Ẹtì tí gbogbo ìyá ìjọ máa ń wọ dúdú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹnì kan náà ni, èmi náà kò sì béèrè, torí ó dà bí ohun tó yẹ kí gbogbo ayé ti mọ̀.

Ohun kan ló wà tí mo fẹ́ ju gbogbo nǹkan lọ nígbà náà: ìrìbọmi. Etí odò ni wọ́n ti máa ń ṣe é, lápá Lamordé lódìkejì odò, gbogbo ìjọ á wọ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú orin. Ẹni tó bá ti ṣe é ló lè jẹ Oúnjẹ Olúwa. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwo àwọn ife kéékèèké yẹn tó ń kọjá níwájú imú mi, bisápù, omi ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, á máa dán nínú wọn, mi ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Màámi ti rán aṣọ funfun fún mi. Ó fi í kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ohun tó kù ni pé kí n dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn àgbà ìjọ, Bàbá mi sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Ọjọ́ náà pé. Bàbá Díákónì, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, ló ń béèrè. Ojú rẹ̀ fani mọ́ra. Ó ní, "Mọjí, bí èèyàn bá dẹ́ṣẹ̀, báwo ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe ń kúrò lára rẹ̀?"

Inú mi dùn. Èyí tí mo mọ̀ ni. Mo ní, "Wọ́n á gbé e lé ewúrẹ́ lórí, sà, wọ́n á sì lé e wọ aginjù."

Bàbá Díákónì wúkọ́. Ó ní, "Ó dára. Ta ló wá kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ewúrẹ́ yẹn ò kú. Wọ́n lé e ni."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú àwọn kan. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ìtìjú mú mi débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, síbẹ̀ mi ò mọ ibi tí mo ti ṣì í, torí inú Bíbélì náà ni mo ti rí i. Wọ́n ní kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i, pé ìrìbọmi mìíràn ń bọ̀. Èmi àti Bàbá rìn dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé. Ìgbà náà ló wá ní, "Kò tíì yé ọ. A ó tún un wọ̀n láti orí." Omijé bọ́ lójú mi. Mo mọ ibi tí orí wà.

Bẹ́ẹ̀ la padà sí Jẹ́nẹ́sísì, tí aṣọ funfun wà lórí ìṣó, tí èmi náà sì ń ga. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń yọ́ wọ̀ ọ́ wò. Etí rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ara mi á ju aṣọ náà lọ kí ọgbọ́n mi tó tó o.

Àǹtí Rúùtù ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àbúrò Bàbá ni, ó ń kàwé ní yunifásítì, Lamordé ló sì ń gbé. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá fà mí mọ́ra. Nígbà tó tún wá, ó mú Bíbélì kan dání, èyí tí wọ́n kọ ní Faransé tí à ń sọ lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan tó ní àwòrán àti àwòrán ilẹ̀. Mo wá Niamey lórí àwòrán ilẹ̀ náà, mi ò rí i.

Ó ní, "Bon, Mọjí, gbọ́. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí. Máàkù ni kó o kọ́kọ́ kà, òun ló kúrú jù, kì í fi àkókò ṣòfò. Bó o bá parí ẹ̀, tún un kà. Ibi tí kò bá yé ẹ, fi bébà há a, màá bá ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà ni wàá padà sí Jẹ́nẹ́sísì, wàá sì rí i pé ewúrẹ́ ẹ ń dúró dè ẹ́ níbẹ̀."

Mo kà á lábẹ́ dóńgóyárò, ẹnu sì yà mí. Ó ń lọ bí ìtàn! Àmọ́ dípò kí orí mi balẹ̀, ńṣe ló tún dàrú sí i. Mo gbé Bíbélì dúdú Bàbá jáde láti wo ibì kan náà nínú rẹ̀, "kíyè sí i" àti "ó sì ṣe" ló kún ibẹ̀, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan ṣì wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ Faransé àwọn baba ńlá, tí tíṣà mi pàápàá kò lè sọ irú rẹ̀. Òmíràn wà lọ́wọ́ ògbufọ̀ Haúsá. Mo to gbogbo rẹ̀ fún Ràmọ́tù, tó ń fọ wàláà rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè kọ ẹ̀kọ́ tuntun sí i.

Ràmọ́tù kì í ṣe ọmọ tó ń bú èèyàn. Ó rò ó dáadáa, ó wá ní, "Tiwa, Lárúbáwá ni. Bó o lọ sí Mẹ́kà, bó o wá sí Zongo, ọ̀kan náà ni. Tiyín jẹ́ mẹ́rin. Èwo ni Ọlọ́run sọ gan-an nínú ẹ̀?"

Mi ò lè jẹ fúrá lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá Bàbá, èyí ló sì tú àṣírí Bíbélì Àǹtí Rúùtù. Bàbá ṣí i lójú Àǹtí Rúùtù tó wá kí wa, ó ka ìlà díẹ̀ sínú, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní, "Rúùtù, Bíbélì wo ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ra tòmátì? Aṣọ tó bá rọrùn ún fọ̀, kíá ló ń ṣá." Ó gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìrìn àjò rẹ̀. Àǹtí Rúùtù ò jà. Ó kàn fi ojú sọ fún mi pé kí n ní sùúrù.

Ọyẹ́ ló bá wa yanjú rẹ̀. Ẹ rántí ọyẹ́ Niamey, tí eruku máa ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ tí a dé. Lọ́dún yẹn ó gba ohùn Bàbá mi pátápátá. Bàbá á lanu, afẹ́fẹ́ á jáde. Ọwọ́ ló fi ń nájà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a jókòó sórí ẹní, ó na Bíbélì dúdú sí mi pé kí n kà á. Léfítíkù la wà. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta, àwọn àbúrò mi ń sùn, òógùn bò mí nínú òtútù.

Màámi dìde. Màámi mi, tí kò mọ ìwé kankan, gun àpótí ìjókòó, ó nawọ́ sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbọn eruku kúrò lára Bíbélì Àǹtí Rúùtù, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Mọjí, ẹ má bínú. Ká gúnyán nínú odó, ká sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹ jẹ́ kọ́mọ ka èyí tó lè kà." Bàbá gbé ọwọ́ sókè láti fèsì. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà mí, mo bá bẹ̀rẹ̀ Máàkù.

Faransé ni mo ń fi ojú kà, Yorùbá ilé wa ni mo ń fi ẹnu sọ, Yorùbá tí kò pé, tí Zarma wọ inú rẹ̀. Mo ní wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ìjì dé, Jésù ń sùn. Àwọn àbúrò mi jí. Màámi ní, "Ó ń sùn kẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí Bàbá ń wo ilẹ̀, tí mi ò mọ̀ bóyá inú ń bí i. Bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ni òun náà ń yé mi: ọmọ ibùjẹ ẹran yẹn ti dàgbà, òun ló ń rìn kiri yìí, òun náà ni wọ́n ń wá láti pa. Ọjọ́ tí mo kà pé wọ́n wá mú un, pé gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá lọ, mo pa ìwé náà dé. Ibẹ̀ ni mo dá a dúró sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá kí Màámi, a sì gbọ́ ọ. Ohùn ti padà, ó ń ha díẹ̀. Ọkàn mi já. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé Bíbélì dúdú wá, mo tú àǹkárá kúrò lára rẹ̀, mo ṣí i sí Jẹ́nẹ́sísì, torí wọ́n ti pe Bàbá lórí ìwọ̀n. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Bàbá wo ojú ìwé náà. Ó wò mí. Ó rọra pa á dé, ó sì ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Mi ò gbọ́ ọ yé. Ó tún un sọ, "Wọ́n mú un lọ. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tó ti kú, Màámi ń sunkún, Bàbá sì ní kí n má dúró. Nígbà tí mo dé ibojì tó ṣófo, Bàbá gba Bíbélì dúdú, ó lọ wá ibẹ̀ kàn fúnra rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń fi aṣọ wé àpẹẹrẹ tí oníbàárà mú wá. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Òun náà ni. Ibì kan wà tí wọn ò ti sọ ọ́ bákan náà, n ó bi Rúùtù. Ṣùgbọ́n òun náà ni." Mo sáré lọ sọ fún Ràmọ́tù. Ó ní ìyẹn kò tíì dáhùn ìbéèrè òun. Òótọ́ ló sọ, síbẹ̀ a jọ jẹ fúrá lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà, Bàbá Díákónì bi mí ní ìbéèrè kan náà, èmi náà sì sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní Yorùbá tó dàrú, títí ó fi ní ó tó. Wọ́n rì mí bọ odò. Omi tutù, aṣọ funfun náà kò ju agbedeméjì ojúgun mi lọ mọ́. Bisápù yẹn, kí n má purọ́, kò dùn tó bí mo ṣe rò.

Lónìí, Plateau, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ní Niamey níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ atẹ́gùn kì í jẹ́ ká mọ̀ pé ooru ń mú níta. Bí ẹni tuntun bá wọ ìjọ wa, èmi ni wọ́n máa ń rán an sí kí n bá a yan Bíbélì. Èdè tó fi ń jà ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í, torí èdè tí èèyàn fi ń jà ló ń wọ̀ ọ́ lára. Èyí tó rọrùn nínú èdè náà ni mo máa ń fún un, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ tó ní àwòrán ilẹ̀, pẹ̀lú Máàkù, àti ẹnìkan tó lè bi léèrè láìtijú. Èyí tó nípọn, tí àlàyé kún abẹ́ ojú ìwé rẹ̀, á dúró ná. Lójú mi, ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Ìgbà tí mo bá délé ni mo máa ń rí i pé kò tíì yanjú. Gbogbo Bíbélì ayé ló wà nínú fóònù ọmọ mi. Á fi ìka fa ọ̀kan, á fa òmíràn, á ní, "Mọ́mì, èwo gan-an ni kí n kà?" Kó tó yàn tán, oorun á ti gbé e. Tiwa kò tó, tiwọn pọ̀ jù, mi ò sì mọ èyí tó sàn.

Bàbá mi ti darúgbó. Zongo náà ló wà, lábẹ́ dóńgóyárò náà, ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ ti ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ Àìkú bá dìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ kàwé fún un. Ó ti gbàgbé Jẹ́nẹ́sísì. Ó ti gbàgbé Léfítíkù àti ewúrẹ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó máa pa á lẹ́rìn-ín. Máàkù ni mo máa ń kà, mo sì ń tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, torí òun kì í rántí ibi tí a dé. Bí mo bá dé ibi tí wọ́n wá mú Jésù, Bàbá á di ọwọ́ mi mú. Ojú rẹ̀ á rí bó ṣe rí láàárọ̀ ọyẹ́ yẹn, á ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ó máa ń dùn mí pé ó ti gbàgbé. Mo sì máa ń jowú rẹ̀ pé lójú tirẹ̀, kò tíì gbọ́ ọ rí. Mi ò mọ èyí tí mo ń sunkún fún nínú méjèèjì. Màá ní, "Ẹ fara balẹ̀, Bàbá, ó kù," màá sì ṣí ojú ìwé tó kàn.